Èbù Tí Mùstàfá Fẹ́ Fi Ta Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi òjò àkọ́rọ̀ rin ilẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn lọ́dún yìí, tó sì dá wa sí láti rí i. Ẹ fún mi létí díẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà ní Kìṣí tó ń jẹ́ Mùstàfá. Kò sí àárọ̀ Sátidé tí kì í gbọ́ ètò bọ́ọ̀lù tí Kàdírì máa ń ṣe lórí rédíò, ó sì máa ń pè wọ́n. Ẹnu Kàdírì dùn. Á ní, "Bàbá Ramlah oníṣu, ọ̀rẹ́ wa ní Kìṣí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o." Inú Mùstàfá á dùn bíi pé ìyekan rẹ̀ ló kí i.

Ní Sátidé kan, Kàdírì dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ní wọ́n máa borí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ lọ fowó sí i. Ó dájú."

Mùstàfá dìde, ó lọ sábẹ́ igi òrí lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé gbígbẹ kúrò lórí èbù iṣu tó tọ́jú fún gbígbìn.

Misturat ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀. "Bàbá Ramlah, ṣé oko ti yá ni?"

"Rárá. Ẹni tó máa ra èbù ń bọ̀. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́. Bó bá wọlé, a ó ra ìlọ́po rẹ̀."

"Bí kò bá wọlé ńkọ́? Ebè wà lóko, òjò sì ti rọ̀. Kí la máa gbìn?"

"Kàdírì ló sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ọ̀rẹ́ yín tí kò mọ ilé yín." Misturat jókòó ti èbù náà. "Ẹ pè é nígbà náà. Ẹ bi í bóyá òun náà ti fowó tirẹ̀ sí i."

Mùstàfá rẹ́rìn-ín, ó pe nọ́ńbà ètò náà, wọ́n sì gbé e sórí afẹ́fẹ́. "Kàdírì, ṣé ìwọ náà ti fowó tìẹ sí i?"

"Àgbà oníṣu ti dé o," ni Kàdírì wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé orin sí i.

Nígbà tí ètò parí, fóònù Mùstàfá dún. Kàdírì ni, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè dáhùn lórí rédíò. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́."

"Kí ló dé?"

"Iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló ń sanwó ètò yẹn. Bí ẹ jẹ, bí ẹ ò jẹ, owó iṣẹ́ tèmi ò yẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó máa borí ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ta?"

"Èbù."

"Oníṣu ni bàbá tó bí mi, ní Òkèhò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbìn ín."

Mùstàfá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ta èbù mọ́. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á dé, Misturat ló dá a lóhùn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ ti rà á."

Wọ́n gbìn títí di ìrọ̀lẹ́. Misturat kò bèèrè ẹgbẹ́ tó borí, Mùstàfá náà kò sì tan rédíò.

Ẹ̀yin ará, bọ́ọ̀lù dára, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá ní tẹ́tẹ́ dájú, ọjà ló ń polówó. Ẹ má fi owó oúnjẹ, owó iléèwé ọmọ tàbí ohun ọ̀gbìn ta á. Bó bá ti wọ̀ yín lára tí ẹ ò lè jáwọ́, ẹ má tijú: ẹ sọ fún ẹni yín, tàbí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín.

Kí Olúwa tó ń mú irúgbìn hù bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ohun tí ẹ bá gbìn, ẹ ó fi ayọ̀ kórè rẹ̀, ẹ ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Àmín.