Òjìji Orí Páànù

Òjò kò tíì dá tán nígbà tí Bọ̀dá Yésúfù oní-sólà dé sí Igando. Ó dúró sẹ́yìn ilé àwọn Hamdalah lábẹ́ agbòjò, ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé bí ẹni pé òrùlé náà ni aláìsàn tí wọ́n ní kó wá yẹ̀ wò. Hamdalah dúró tì í, ó ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ni ọkùnrin yìí ń wò tó bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí ènìyàn bá ti ra sólà, wọn á kàn gbé e sórí ilé ni, iná á sì tàn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Bọ̀dá Yésúfù bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí iná náà máa gbé. Àdíját, ìyá Hamdalah, tó ń ta abọ́ ike lọ́jà Ìkòtún, ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ó dárúkọ tẹlifíṣọ̀n, ó dárúkọ fíríìjì, ó dárúkọ áyọ́ọ̀nù, ó dé orí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Bó ṣe ń kà á lọ, inú rẹ̀ ń dùn, àfi bí ẹni tó ti ń wo gbogbo rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó tó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ìyá Hamdalah, nínú gbogbo ẹ̀, èwo ni ẹ ò lè ṣe láìní, ká ní nǹkan kan ṣoṣo ni iná yẹn máa gbé?"

Àdíját wo orí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí àbíkẹ́yìn rẹ̀, Abdulmuiz, dùbúlẹ̀ sí tó ń ya àwòrán. Ó ní, "Ẹ̀rọ ọmọ yìí ni."

Ikọ́ fée ló ń bá Abdulmuiz jà láti kékeré. Bó bá dé sí i, àyà rẹ̀ á máa súfèé, ọrùn rẹ̀ á máa wọnú, gbogbo ilé á sì máa bá a mí. Ẹ̀rọ kan wà tí dókítà ní kí wọ́n rà, tó ń sọ oògùn di ìkùukùu kí ọmọ lè fà á símú. Iná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ, iná ìjọba kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń tan, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Èyí ni pé ohun tí wọ́n fi ń wo ikọ́ náà ló tún ń dá a padà. Bàbá wọn, awakọ̀ tírélà tó ń ná òkè ọya, ti sọ pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i kí òun tó dé. Ìdí tí wọ́n fi ranṣẹ́ pe oní-sólà nìyẹn.

Bọ̀dá Yésúfù wá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ọmọ ni òun máa fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí bátìrì bá ti lè gbé ìyẹn láìsí wàhálà, wọ́n á kó gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lé e, fíríìjì á sì máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nìkan. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi ní tiwọn á máa dúró de iná ìjọba. Kò dùn mọ́ Àdíját nínú, ṣùgbọ́n ó rántí Báyọ̀dé, aládùúgbò wọn, tó ra sólà olówó pọ́ọ́kú tí kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan kó tó rà á. Kí ààwẹ̀ tó dé, bátìrì Báyọ̀dé ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Àdíját gbà.

Ọ̀rọ̀ wá ku ibi tí wọ́n máa gbé pánẹ́ẹ̀lì, àwọn pátákó tó ń gba oòrùn, sí. Iwájú ilé kọjú sí títì, Àdíját sì fàáké kọ́rí pé òun ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa ka ohun tó wà lórí ilé mi. Olè ń bẹ, ojú ayé náà ń bẹ. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé e sí jàre."

Bọ̀dá Yésúfù ní ẹ̀yìn ò burú bí oòrùn bá ń ríbẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń kọ òun lóminú ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Màmá Mary tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá ìwọ̀ oòrùn, tí tánkì omi dúdú ńlá kan wà lókè rẹ̀. Bí òjìji bá bo pánẹ́ẹ̀lì kan péré, á fa àwọn tó kù sẹ́yìn. Òjò ló sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí òjìji tí wọ́n lè rí, iṣẹ́ sì ń dúró dè é ní Ayọ̀bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó yíjú sí Hamdalah, tó wà ní ìsinmi.

"Àbúrò mi, ìwọ lo wà nílé. Láti ọ̀la lọ, bẹ́ ẹ bá ti kírun àìlá tán, lọ wo ẹ̀yìn yẹn. Bó bá di àkókò alásárì, tún lọ wò ó. Òjìji ni àwọn bàbá wa fi ń mọ àkókò alásárì kí aago tó dé. Òun náà la máa fi mọ ibi tí sólà yìí máa jókòó sí. Bí o bá rí i, o rí i. Bí o ò bá rí i, sọ bẹ́ẹ̀."

Hamdalah ní ó ti yé òun. Ó sì yé e lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà burú nígbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde lẹ́yìn ìrun àìlá, ó rí i tí oòrùn ń ta páànù yàà láti òkè délẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni Títí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é láti Ìkòtún. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn ń kọ́ ijó tí wọ́n máa jó lọ́jọ́ ìdágbére ilé ẹ̀kọ́, ojúlé àwọn Títí ni wọ́n ń pàdé. Hamdalah ní òun á dé lẹ́yìn alásárì, torí òun ń ṣọ́ òjìji. Títí sọ ọ́ fún àwọn yòókù, Hamdalah sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Olúrẹ̀mí, tó jẹ́ pé òun ló ń darí ijó, gba fóònù lọ́wọ́ Títí.

"Ṣé òjìji máa sá lọ ni? Bí o ò bá dé báyìí, a ó fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ o."

Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó wọ bàtà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wò ó lọ́la. Bọ́la dé, ijó náà ti ń dùn, wọ́n sì ti fi í sí iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ. Lójoojúmọ́, nígbà tí òjìji ń rìn lórí páànù wọn, Ìkòtún ni Hamdalah wà tó ń jó. Ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, Abdulmuiz ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lójúde ilé, kò sí ẹni tó mọ̀.

Nígbà tí Bọ̀dá Yésúfù pè, Àdíját na fóònù sí ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà bèèrè bóyá ó wò ó ní àkókò alásárì. Hamdalah rí i pé "mi ò wò ó" ti dé ẹnu òun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀, ojú sì tì í.

"Mo wò ó, sà. Oòrùn máa ń wà níbẹ̀ dáadáa."

Àdíját rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yìn ilé lòun náà kúkú fẹ́. Irọ́ tó bá ti bá ìfẹ́ inú ẹni mu, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Àárọ̀ kùtù ni Bọ̀dá Yésúfù àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà. Kí oòrùn tó kàtàrí ni wọ́n ti parí, tí wọ́n sì padà sí Ayọ̀bọ̀. Ilé kún fún ayọ̀. Àdíját ta jẹnẹrétọ̀ náà fún ọkùnrin kan ní Àgbàdo, ó ní òun ò fẹ́ gbóòórùn èéfín rẹ̀ mọ́ láé. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iná ìjọba ń wá díẹ̀díẹ̀, ó ń bá wọn fi iná kún bátìrì, wọn ò sì fura sí ohunkóhun.

Ìgbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò jóná ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ilẹ̀ kì í tíì ṣú tán tí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, á ti máa han pé bátìrì ti fẹ́ tán. Wọ́n pa fíríìjì, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Bọ̀dá Yésúfù ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n Àdíját ti parí ẹjọ́ náà nínú ara rẹ̀: ògbólógbòó bátìrì lọkùnrin yẹn kùn lọ́dà fún òun. Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ lọ́jà, ó ní oníjìbìtì ni, kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Hamdalah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ara fu ú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yára gbọ́kàn kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà ọjọ́ kan, ikọ́ náà dé. Wọ́n yára fi ìbòjú ẹ̀rọ sí Abdulmuiz nímú, ìkùukùu oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọmọ náà ń fà á. Ínfátà han lẹ́ẹ̀kan, ó han lẹ́ẹ̀kejì, ni gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Súfèé àyà ọmọ náà nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Màámi, mi ò lè mí," Abdulmuiz sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu.

Kò sí jẹnẹrétọ̀ mọ́. Àdíját gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, Hamdalah gbé ẹ̀rọ, wọ́n sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Màmá Mary. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lójúde, èéfín rẹ̀ kò dé òkè. Hamdalah kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń gbàdúrà, kò sì mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọrùn ọmọ náà dẹ̀, èémí rẹ̀ sì wálẹ̀. Màmá Mary ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí iná wọn á fi dára.

Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò alásárì, Hamdalah mú Abdulmuiz gòkè lọ fa oògùn rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń fà á, ó jáde sí bàkónì, ó sì wo ilé tiwọn nísàlẹ̀. Òjìji tánkì Màmá Mary ti nà gbalaja sórí pánẹ́ẹ̀lì wọn, kò ku ibi kankan tí oòrùn ń bà. Apá iwájú òrùlé náà ṣì ń dán yanranyanran. Hamdalah lóye ohun gbogbo lójú ẹsẹ̀.

Nísàlẹ̀, Bọ̀dá Yésúfù ti dé. Ó lóṣòó ti bátìrì, ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé tuntun ni. Àdíját kò gbà, ohùn rẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò, àwọn ènìyàn sì ti ń yọjú. Hamdalah dúró lókè níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àbí ta ló rí i? Ṣùgbọ́n súfèé àyà àbúrò rẹ̀ kò tíì kúrò ní etí rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà méjèèjì.

"Màámi, ẹ má bú wọn mọ́. Èmi ni. Mi ò wò ó ní alásárì rí. Ijó ni mo lọ kọ́. Òjìji tánkì ló ń bo pánẹ́ẹ̀lì."

Ọwọ́ Àdíját ròkè, ṣùgbọ́n kò balẹ̀ sára ọmọ. Ó jókòó sórí ìdérí kànga, ó wo Hamdalah pẹ́. "Àbúrò rẹ ni o, Hamdalah," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. Ká ní ó gbá a létí ni, kò bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Yésúfù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà jẹ nínú ẹ̀bi náà, nítorí iṣẹ́ òun ni láti padà wá wò ó fúnra òun. Àdíját ní bóun ò bá torí ojú ayé fàáké kọ́rí, ọ̀rọ̀ ì bá má débẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tó ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó sì tún lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́jà, ó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le, nítorí ẹyin lohùn: àwọn kan ti sọ ọ́ dé ibi tí òun kò mọ̀.

Wọ́n pinnu láti gbé pánẹ́ẹ̀lì wá síwájú, pẹ̀lú irin tí olè kò lè tú bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e, Bọ̀dá Yésúfù tún rán Hamdalah ní iṣẹ́ kan náà, ọmọbìnrin náà kò sì retí i. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àkókò àìlá àti ti alásárì, iwájú ilé ló ń dúró sí. Olúrẹ̀mí fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ nínú ijó. Ó dùn ún, ó sì mú un mọ́ra. Nígbà tí Bọ̀dá Yésúfù dé, ó bèèrè ohun tó rí.

"Oòrùn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, sà. Àfi Jímọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí nǹkan kan."

Bọ̀dá Yésúfù rẹ́rìn-ín. Òun náà ti gun òrùlé wò ó lọ́tẹ̀ yìí kó tó bi í. Ó ní Jímọ̀ yẹn ló jẹ́ kí òun gba àwọn ọjọ́ tó kù gbọ́.

Títí di òní, bí iná ìjọba bá lọ tí ẹ̀rọ Abdulmuiz sì ń kùn jẹ́jẹ́ nínú yàrá, Hamdalah a máa gbójú kúrò nínú ìwé ìdánwò rẹ̀, a sì tẹ́tí sí i díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ojú rán yín, ojú ni kẹ́ ẹ fi jẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ ò bá sì wò ó, ẹ sọ pé ẹ ò wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Irọ́ tó bò ó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu Abdulmuiz.