Ohun Tí Òòfà Benjamin Ń Gbọ́

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí àdúgbò Àpáta ní Jos, kó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọláwándé tó ń tún gìtá ṣe.

Gìtá Benjamin, àbúrò rẹ̀, ló wà níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọyẹ́ bo ìta, kò sẹ́ni tó ń rìn, ọkọ̀ nìkan ló ń kọjá. Kòtò tí Benjamin ti ń wa kuza, ìyẹn òkúta tánńganran, lọ́nà Vom ló ya lù ú lọ́dún tó kọjá. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ìsìn ìrántí rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Christianah ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n fi gìtá náà kọrin.

"Bọ̀ọ̀dá, òòfà tó fi ń ṣa irin kúrò nínú kuza rèé. Ẹ fi sí i," Christianah wí, ó na òòfà náà sí i.

Òòfà inú píkọ́ọ̀pù, àpótí kékeré tó ń gbóhùn lábẹ́ okùn gìtá, ti kú. Ọláwándé fi ti Benjamin rọ́pò rẹ̀, ó wé wáyà bàbà tín-ínrín mọ́ ọn. Ó mọ̀ ọ́n wé: bó bá pọ̀ jù, ohùn á wúwo, bó bá kéré jù, á han gooro.

Kò tíì so okùn kankan mọ́ gìtá náà tó fi tan áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde.

Gbọ̀ọ̀. Gbọ̀ọ̀. Ko.

"Kai! Ta ló ń walẹ̀?" Christianah fò sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, gìtá lo wá ń sá fún? Ariwo títì ni. Wáyà yẹn ò tíì dì ni, gbogbo ariwo ló ń gbà wọlé."

Ó yọ́ àbẹ́là, ó ri píkọ́ọ̀pù náà sínú ìda. Nígbà tó tutù, ó pariwo sí i. Áńpù ò dáhùn. Ariwo títì ti lọ.

Gbọ̀ọ̀. Gbọ̀ọ̀. Ko.

Ìró náà wá mọ́ gaara.

"Kò lè gbọ́ ẹnu mọ́," Ọláwándé wí. "Irin tó bá ń mì nìkan ló ń gbọ́."

"Irin wo?"

Ọláwándé kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ síta, síbẹ̀ ìró náà ò dá. Ó gbé gìtá sókè, ìró náà rẹlẹ̀. Ó gbé e kanlẹ̀, ìró náà ròkè.

"Benjamin ni," Christianah wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá gbá a mọ́ òkúta kí ẹrẹ̀ lè já. Ṣé ó ń jìnnà ni, àbí ó ń bọ̀?"

Etí Ọláwándé kì í tàn án.

"Ó ń bọ̀."

Wọn ò ṣe ìsìn ìrántí náà. Gìtá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, láìlókùn. Wọ́n ti gbé tábìlì iṣẹ́ kúrò lójú ibi tí ìró náà ti ń wá. Christianah fúnra rẹ̀ ló mú òòlù, tó fọ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ náà, kó má baà dá Benjamin dúró.