Àmúdàtù Fẹ́ Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Àmúdàtù ń gbé ní Múṣin. Láràárọ̀, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Kíríń-kíríń, agogo kẹ̀kẹ́ ń dún.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ lójú títì. Pọ́ọ̀n-pọ́ọ̀n, ọ̀kan kọjá. Fìrì, òmíràn kọjá.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ńlá kan sún mọ́ ọn jù. Àmúdàtù yà fún un. Gbàgà, òun àti kẹ̀kẹ́ já sínú gọ́tà.

Orúnkún rẹ̀ bó. Ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má gun kẹ̀kẹ́ mọ́, torí ọkọ̀ ló ni títì.

"Kí wọ́n fún kẹ̀kẹ́ náà ní tiẹ̀," ni Àmúdàtù wí.

Ìyá rẹ̀ ní káńsù ló ń ṣe ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sátidé, alága káńsù wá bá àwọn ará àdúgbò ṣèpàdé. Ó ní owó wà nílẹ̀ láti fi tún àdúgbò ṣe. Kí ni wọ́n fẹ́?

Àwọn kan ní iná làwọn fẹ́. Àwọn kan ní omi ni.

Àmúdàtù nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ la fẹ́."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ ní Múṣin.

Àmúdàtù ò sunkún. Ó ní, "Ẹ wá wò wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, sà."

Alága wá lóòótọ́. Ó dúró sẹ́bàá títì pẹ̀lú Àmúdàtù àti ìyá rẹ̀.

Kíríń-kíríń. Bọ̀dá Ṣítù kọjá, búrẹ́dì kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kíríń-kíríń. Káfíńtà kọjá. Tíṣà kọjá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kọjá.

Kíríń-kíríń. Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Pọ́ọ̀n-pọ́ọ̀n, ọkọ̀ kan dé lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ó fẹ́ ṣubú. Alága sáré dì í mú.

Alága ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Owó káńsù, owó gbogbo yín ni. A máa ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́."

Ní káńsù, àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní ọkọ̀ ni kí wọ́n ṣe ọ̀nà fún. Alága ní kí àwọn náà lọ dúró sẹ́bàá títì láàárọ̀.

Wọ́n lọ. Wọ́n rí i. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé. Gbì, gbì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ṣọ̀ọ̀, wọ́n da kankéré. Wọ́n bo gọ́tà. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà gígùn.

Ọkọ̀ ń lọ níbí. Kẹ̀kẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún.

Àmúdàtù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wìì, ó lọ. Wìì, ó bọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó lé e.

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó wò ó títí. Ó wá ní kó sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni, Màámi?"

"Rárá o. Bá mi di kẹ̀kẹ́ yẹn mú. Èmi náà fẹ́ gùn ún."

Ìyá ká ìró rẹ̀ sókè, ó so ó dáadáa. Àmúdàtù di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú gírígírí.

Kẹ̀kẹ́ mì síbí. Ó mì sọ́hùn-ún.

Ó sì ń lọ.