Ọwọ́ Méjì Lórí Rìmóòtù Èjìdé

Nígbà tí Èjìdé ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Bẹyẹrúnkà, irin ìfági ọ̀gá rẹ̀ sọnù. Wọ́n ní òun ló jí i. Ó ní òun kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, gbogbo ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti fọ́, àfi àtàǹpàkò.

Gàníyù, ọ̀gá rẹ̀, ní pákó ló já lù ú. Èjìdé ní irọ́ ni. Ó ní Gàníyù ló ki ọwọ́ òun bọ inú fáìsì, irin tí káfíńtà fi ń di pákó mú, tó sì ń yí i le títí egungun fi dún. Bàbá Èjìdé gbá a létí pé ó ń parọ́ mọ́ àgbà. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Gàníyù, ó dúpẹ́ pé ó ra òògùn sí i.

Àwọn kan ní kí èèyàn gbàgbé. Ọwọ́ tiwọn kọ́ ló wà nínú fáìsì.

Èjìdé dàgbà, ó fi káfíńtà sílẹ̀. Ó di ẹni tí gbogbo àdúgbò Àrẹ̀mọ mọ̀ mọ́ ọtojáírò, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí èèyàn ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀. Abẹ́ ń yí lórí rẹ̀ bíi ti hẹlikópítà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń yí abẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ń fà á síwájú, afẹ́fẹ́ sì ń yí ti orí. Tí kò bá ti lọ síwájú mọ́, ilẹ̀ ló ń bọ̀ nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n bá Èjìdé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀. Òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́ wọlé. Rìmóòtù rẹ̀ wà nítòsí, ẹnì kan gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Insipẹ́kítọ̀ Hezekiah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Ó ti gan mọ́ sìmẹ́ńtì.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

Wọ́n nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Muslimat ni, ọmọ iṣẹ́ Èjìdé. Aṣọ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, torí ó ti gbé òkú náà mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé ó ti tán. Gbogbo àdúgbò rí ọtojáírò lójú ọ̀run kí oòrùn tó wọ̀, torí náà Èjìdé ṣì wà láàyè nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, Muslimat nìkan ló wà nínú agbo ilé. Wọ́n tì í mọ́lé.

"Lọ́la ó ń lọ sí kóòtù," ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wí fún Hezekiah ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. "Kí lo tún ń wá?"

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti gan jù, sà."

"Ooru ń mú. Lọ sílé."

Hezekiah kò lọ sílé. Ó lọ sẹ́yìn, níbi tí Muslimat wà. Etí ọmọbìnrin náà ti wú. Wọ́n ti gbá a kó lè jẹ́wọ́.

"Ìwọ lo fò ọtojáírò lánàá?"

"Èmi kọ́. Aṣọ ni mò ń fọ̀. Mo rí i lókè, inú bí mi pé ọ̀gá mi gbé e jáde láìpè mí. Mi ò tètè wọlé lọ kí wọn. Ìbínú yẹn ló ń dùn mí báyìí."

Hezekiah gbé rìmóòtù náà sí iwájú rẹ̀. Muslimat wò ó, ó sì sún mọ́ irin àhámọ́.

"Rọ́bà ẹ̀ dà?"

"Rọ́bà wo?"

"Ọ̀gá mi fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ de ọ̀pá òsì yìí pa. Ọwọ́ wọn ò lè tì í. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń wà á. Ohun yíyí kékeré tó wà lókè yìí ni wọ́n ń fi ìka yí fún ẹ́ńjìnnì." Ó yí i padà. "Ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn yìí. Ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti padà sí bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà, ọwọ́ méjì."

"Ìwọ náà ní ọwọ́ méjì."

Muslimat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Ta ló kọ́ mi? Gbogbo àwa tí wọ́n kọ́, bí arọ la ṣe ń wà á. Àwọn ará ìta máa ń fi wá ṣẹ̀sín. Tí ẹ bá ní kí n fi ọwọ́ méjì fò ó, màá fọ́ ọ kó tó kúrò nílẹ̀."

Ó lè jẹ́ irọ́. Hezekiah lọ wá Gbénga, mẹkáníìkì Oríta-mẹ́rin tí Èjìdé ti kọ́ tẹ́lẹ̀, tó sì lé kúrò.

"Mo bá a jà lóòótọ́," ni Gbénga wí. "Ó ní ọwọ́ mi méjèèjì ò tó ẹyọ kan tòun. Níwájú ìyàwó mi o!"

"Torí ẹ̀ lo ṣe pa á?"

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá ń torí èébú pa Èjìdé, kò bá ti kú tipẹ́."

Hezekiah ju rìmóòtù sí i lójijì. Gbénga hán an. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì sábẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló lọ sókè. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Fi òsì mú ọ̀pá kejì."

"Kí n fi ṣe kí ni níbẹ̀?"

Muslimat kò parọ́. Hezekiah gba rìmóòtù náà lọ́wọ́ Gbénga, ó kọrí sí Àrẹ̀mọ. Orí páànù Jemima, aránṣọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Èjìdé, ni ọtojáírò náà bà sí.

"Ó jáde láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì parí yẹn," ni Jemima wí. "Ó ń lọ dáadáa. Ó wá ṣe bí ẹni fẹ́ dúró lójú kan kó máa wòran. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀. Ó rọ̀, ó rọ̀, gbì lórí ilé mi! Èjìdé ò ṣe irú ẹ̀ rí. Kì í sì í gun òkè. Pápá ló ti ń fò ó."

"Ta ló ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn?"

"Alhaji Gàníyù kẹ̀, ọ̀gá Èjìdé àtijọ́. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti jẹ Mọgàjí, olórí ẹbí wọn, lọ́la, wọ́n á parí ẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀."

Hezekiah gba orí ògiri wọlé. Lókè pátápátá, ipa táyà kékeré wà nínú eruku. Ní ìdí ògiri, ó he ọ̀já rọ́bà kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

Ó mú ọlọ́pàá kan dání, ó lọ sí Ọjà'ba. Ilé Gàníyù kún fún àga àti ìkòkò ńlá. Bàbá náà jókòó ní pálọ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Jubril ọmọ rẹ̀ ń nu dróònù tó fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó káàkiri Ìbàdàn.

"Ẹ kú ìmúra, Alhaji."

"Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹ ti mú ẹni tó pa Èjìdé."

"A ń wá ẹni tó fò ó ni. Jubril, ìwọ ti wa ọtojáírò rí?"

"Rárá, ọ̀gá. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Dróònù ni tèmi. Láti Mọ̀gáríbì títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá lánàá, mọ́ṣáláṣí ni mo wà, ẹ bi gbogbo èèyàn."

"Mo ti gbọ́. Ẹni tó fò ó yẹn sá, ọ̀dẹ̀ ni. Ewúrẹ́ á wà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, afẹ́fẹ́ dáa, ó gbé e lu páànù obìnrin!" Hezekiah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà ni."

Ojú Jubril le. "Kì í ṣe àìmọ̀ ọ́n wà. Nǹkan yẹn ò ní bíréèkì! Dróònù, tó o bá jọ̀wọ́ ọwọ́, á dúró síbi tó wà. Ìyẹn, o kàn jọ̀wọ́ ọwọ́ báyìí, ó ti ń..."

Tẹ̀sùbáà náà dúró.

"Máa bá a lọ," ni Hezekiah wí. "Ó ti ń kí ni?"

Jubril wo ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Hezekiah gbé rọ́bà náà lé orí tábìlì.

"Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá ẹ ni mo ti he èyí. Lẹ́yìn Làásárì lo pa á. O gbé ọkọ̀ rẹ̀ gòkè. O gé rọ́bà yìí, torí ọwọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ ẹ. O fò ó kí ayé lè rò pé Èjìdé ṣì wà láàyè. O dá rìmóòtù padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, o wá sáré lọ to sáàfù níwájú ní mọ́ṣáláṣí, níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí ẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ń jìyà lẹ́yìn irin."

Jubril gbé dróònù kalẹ̀. "Èjìdé ní tó bá di ọ̀la, tí gbogbo ẹbí bá pé, òun á dìde. Ó ní kí bàbá mi fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ṣe ọwọ́ òun. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un! Ó na ọwọ́ rẹ̀ yẹn sí mi lójú. Ó ní, 'Bàbá ẹ ló ṣe é.' Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo gbá a ní òòlù."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo tún gbá a."

Hezekiah pe àgọ́ lórí fóònù. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Muslimat." Ó yíjú sí ọlọ́pàá. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Jubril lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ilé ti kún ẹnu ọ̀nà.

"Irọ́ ni Èjìdé ń pa mọ́ bàbá mi!" ni Jubril ń kígbe. "Gbogbo ayé mọ̀ pé pákó ni. Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé pákó ni!"

Gàníyù gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀.

"Bàbá?"

"Fáìsì ni," ni Gàníyù wí.

Jubril wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

"Ó jí irin ìfági náà," ni Jubril wí. "Ẹ ṣáà ní ó jí i."

"Mo ti rí irin náà lábẹ́ pákó kí n tó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ fáìsì." Ohùn bàbá náà kò gbọ̀n. "Ṣùgbọ́n mo ti kígbe olè lé e lórí. Gbogbo Bẹyẹrúnkà ti péjọ. Ṣé kí n wá máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé mo ṣì í?"

"Àwọn tó wà níta ò gbọ́, Alhaji," ni Hezekiah wí. "Ẹ sọ ọ́ sókè."

Gàníyù dìde, ó dojú kọ àwọn ará ilé rẹ̀.

"Èmi Gàníyù ni mo fọ́ ọwọ́ Èjìdé. Ó ń bẹ̀ mí, mo sì ń yí i. Kò jí nǹkan kan."