Obìnrin Tó Ń Fọ Ife

Kì í ṣe àlọ́ o. Ojú ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, ẹni méjì tí orí wọn pé ló sì rí i. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi máníjà ilé sinimá ìdí tí kì í fi wọ yàrá ẹ̀rọ fíìmù mọ́.

Màmá Sinimá ni gbogbo ilé sinimá náà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń yí fíìmù fáwọn òǹwòran níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, inú ń bí i gan-an. Máníjà ní kí wọ́n dáná sun gbogbo róòlù fíìmù àtijọ́ kí àyè lè wà, torí fíìmù olówó ńlá kan ń bọ̀.

"Èyí tí ilé ń wó nínú ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, téèyàn bá sì jáde tán, kò ní rántí ẹnì kankan nínú ẹ̀?"

"Màmá, òun làwọn èèyàn fẹ́. Ta ló ń wo tiyín?"

"Èmi!"

Róòlù kan ló ń jà fún, fíìmù dúdú òun funfun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró ní kọ̀rọ̀ yàrá kan, ó fọ ife nínú baṣíà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò sọ̀rọ̀. Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ wo ìwọ̀sí! Ìyá náà ti kú tipẹ́, kò sì sí àwòrán rẹ̀ mìíràn lókè eèpẹ̀.

Ó ní òun á wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbínú ò jẹ́ kó rántí pé wọn ò tíì yí róòlù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìparí ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu ẹ̀rọ.

Gbogbo èèyàn inú fíìmù náà dorí kodò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi rìn. Èéfín ń padà sínú sìgá.

Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn inú fíìmù ṣí. Ìyá rẹ̀ wọlé.

Orí òun nìkan ló wà lókè. Òun nìkan ló ń rìn síwájú. Ó kọjá lára àwọn tó dorí kodò, ife lọ́wọ́, ó ń bọ̀. Ó tóbi sí i títí ojú rẹ̀ fi kún aṣọ funfun tí wọ́n ń yí fíìmù sí. Lẹ́yìn náà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Kí ni mo ṣe fún wọn tí wọ́n fi fẹ́ sun mí?"

Ẹ̀yìn Màmá Sinimá ni ohùn náà ti wá. Kò lè yíjú. Omi ń kán sílẹ̀. Tó. Tó.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màámi."

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ dún.

Máníjà ló já wọlé, ó ń mí hẹlẹ. "Màmá, ta ló fara kàn mí lórí àtẹ̀gùn? Ara ẹ̀ tutù."

Màmá Sinimá yí róòlù náà padà, ó sì fi í sẹ́rọ bó ṣe yẹ. Àwọn méjèèjì jọ wò ó. Olúkúlùkù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fa sìgá. Kọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí ṣófo. Omi inú baṣíà ṣì ń mì.

Màmá Sinimá yọ róòlù náà, ó nà án sí máníjà.

"Ó yá, ẹ lọ sun ún. Ẹni tí mo torí ẹ̀ ń bá yín jà ti jáde."

Máníjà ò gbà á. Ife kan tí kò sí lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ ló ń wò. Oòrùn ń ràn lé e láti ojú fèrèsé, síbẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú òun funfun lọ, bíi ti inú fíìmù.

Títí dòní, wọn ò sun róòlù kankan níbẹ̀. Ife náà ṣì wà lórí tábìlì. Kò tíì gbẹ.