Igbe Tí Gbogbo Ilé Gbọ́

Ọmọ Adébùkọ́lá sùn, kò jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí o. Iredélé, ọmọ oṣù mẹ́rin, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò wúkọ́, tó rẹ́rìn-ín sí Bọ́lájí bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti tutù. Adébùkọ́lá figbe ta, àwọn ará àdúgbò Ogida ní Benin sì rọ́ kún àgbàlá.

Ìyá Osaro, ọmọ ìbílẹ̀ Benin tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ó sunkún, ó nu ojú, ó wá yíjú sí Màmá Láolú, ìyá àgbà tó ni ilé.

"Mama, abeg no vex. Person wey dey cry for here since night, no be because of this pikin?"

"Cry since night? Ọmọ ò tíì kú nígbà yẹn!" Màmá dá a lóhùn.

Gbogbo ojú bá yí sí yàrá kejì. Ilẹ̀kùn ṣí, Ìdùnnúolúwa jáde, ìyàwó Láolú, Láolú tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bọ́lájí. Ó di ògiri mú, ó tẹ̀ bí arúgbó, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ìró rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ kú, obìnrin tó ti wà nílé ọkọ láti ọdún méje tí kò bímọ wá jáde sí gbangba pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Ta ló tún fẹ́ bèèrè ohun mìíràn?

Àìsàn ni o. Láti ọmọdé ni inú rírun ti ń bá Ìdùnnú jà, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń lo oògùn sí kó tó lọ sọ́jà. Dókítà kan ti ṣàlàyé fún un pé awọ tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ ló ń hù káàkiri ìta rẹ̀, pé òun náà ló ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ó pe orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó. Nígbà tí Màmá gbọ́ orúkọ náà, ó yínmú.

"Àìsàn tí kò lórúkọ ní Yorùbá? Àìsàn wo nìyẹn?"

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ti ìjọ. Ìjọ aláṣọ funfun ni gbogbo ilé ń lọ, èyí tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ ní Benin. Níbẹ̀, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé. Abẹ́ igi máńgòrò níta ló máa jókòó sí títí yóò fi mọ́. Àwọn yòókù a jókòó síbẹ̀ fún Sọ́ńdè kan, wọn a sì padà wọlé. Ti Ìdùnnú kì í tán. Ẹ̀jẹ̀ a lọ, a tún dé, òun nìkan a sì máa bá igi máńgòrò ṣeré láti oṣù dé oṣù. Àwọn obìnrin ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kì í ṣe nǹkan oṣù ló lé e síta, pé pẹpẹ ló ń sá fún.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ, Màmá pe Láolú sí pálọ̀.

"Ìyàwó rẹ ló jẹ ọmọ àbúrò rẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ara rẹ̀ ni kò yá."

"Ara wo? Gbogbo obìnrin ló ń ṣe nǹkan oṣù. Èmi náà ṣe é, mo sì ń gúnyán lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń ké bẹ́ẹ̀ lóru, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè!"

Láolú, odidi olùkọ́ ní yunifásítì Ekiadolor, tẹjú mọ́lẹ̀. Ọkùnrin!

Ìdùnnú gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó pinnu pé òun kò ní ké mọ́. Nígbà tí ìrora tún dé bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ki etí ìró bọ ẹnu, ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń gbọ̀n. Màmá wá fi etí ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dákẹ́?" ó sọ fún Bọ́lájí àti Adébùkọ́lá. "Ara ẹni tó bá ti lọ ìpàdé a máa sùn bí igi ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ti wọ ẹyẹ, ó ti lọ. Tó bá wà nínú ara rẹ̀, ẹ̀ bá ti gbóhùn rẹ̀."

Ẹ gbà mí o! Tó bá ké, ó ń pe ẹgbẹ́. Tó bá dákẹ́, ó ti lọ bá wọn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ẹyẹ kan sì wà lóòótọ́. Ẹyẹ dúdú tó máa ń bà lórí táǹkì omi níwájú fèrèsé Ìdùnnú ní ìrọ̀lẹ́ tí ìrora bá dé. Tẹ́lẹ̀, kì í ka ẹyẹ náà sí. Nísinsìnyí kò lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ìrora a máa gbé e lọ nígbà mìíràn, yóò jí lórí ilẹ̀, kò ní mọ bó ṣe débẹ̀. Níbo ni mo lọ? Ó sì rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Iredélé, bó ṣe gbé ọmọ náà mọ́ra tí ọkàn rẹ̀ ń wí pé ìbá jẹ́ tèmi. Àbí ìlara yẹn ló pa á? Ó wo ẹyẹ náà lójú.

"Ṣé èmi nìwọ?" ó bi í.

Ẹyẹ náà yí ọrùn, ó tẹjú mọ́ ọn. Ìdùnnú pa fèrèsé dé.

"Bóyá èmi ni," ó wí fún Láolú nígbà tó wọlé. "Bóyá mo pa á láìmọ̀. Màá jẹ́wọ́ ní Sọ́ńdè. Tí mo bá jẹ́wọ́, bóyá ìrora yìí á fi mí sílẹ̀."

Láolú sunkún. Kò sọ pé irọ́ ni. Ìyẹn ló dun Ìdùnnú jù lọ.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀, kò lè wọlé, ìjọ bá jáde wá bá a. Gbogbo wọn dúró yí igi máńgòrò ká nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Wòlíì Oyèlékè gbé agogo dání.

"Ìwọ lo jẹ ọmọ náà?"

"Èmi ni, sà."

Màmá pariwo, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀!"

"Ẹyẹ wo lo wọ̀?"

"Ẹyẹ dúdú, sà."

"Ìgbà wo lo jáde kúrò nínú ara rẹ?"

Ìdùnnú ronú. Ó fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà dáadáa, kó lè parí. "N kò mọ̀, sà. Orí ilẹ̀ ni mo rántí. Mò ń ké. Mo ké títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Òótọ́ ni."

Adébùkọ́lá ló sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbóhùn rẹ̀.

"Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti Àǹtí mi. Mò ń fún Ire lọ́mú, wọ́n ń ké. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń ké. Inú bí mi, mo ní wọn ò ní jẹ́ kọ́mọ mi sùn. Nígbà tí mo lajú, tí mo fọwọ́ kan ọmọ, wọ́n ṣì ń ké. Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ara ẹni tó bá lọ ìpàdé a máa sùn bí igi. Ara wọn ò sùn. Ìgbà wo ni wọ́n wá lọ?"

"Adébùkọ́lá, orí ẹ dà rú ni? Ọmọ ẹ ló kú!"

"Mo mọ̀ pé ọmọ mi ló kú! Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ wọn lóru ọjọ́ náà ni?"

Màmá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo gbọ́."

"Bọ́lájí ńkọ́?"

"Mo gbọ́."

Kò bi Láolú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀ lóru ọjọ́ náà nítorí ariwo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Osaro tó wà ní ilé kejì gan-an gbọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́, ẹnikẹ́ni ò ṣí ilẹ̀kùn.

Wòlíì gbé agogo sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní Olúwa nìkan ló mọ̀, ó sì padà sínú ilé ìjọ. Adébùkọ́lá jókòó sórí ilẹ̀.

"Ta ló wá pa ọmọ mi?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdùnnú fà sún mọ́ ọn, ó gbá a mọ́ra, wọ́n sì sunkún pọ̀ títí ìjọ fi tú ká.

Màmá ò tọrọ àforíjì. Ẹyẹ náà ò ṣíwọ́ wíwá. Àìsàn náà ò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìrora padà dé, Ìdùnnú tún ki etí ìró bọ ẹnu, ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adébùkọ́lá ló wọlé, ó di ìgò omi gbígbóná mọ́ àyà. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìgò náà lé e ní abẹ́ inú, ó wá rọra fa aṣọ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ké e, Àǹtí mi," ó wí. "Iredélé ò ké. Ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lára."

Ìdùnnú sì ké.