Yìnyín fún Túúlu Adùnọlá

Ọ̀sán gangan ni Oyèníran kọ́kọ́ rí i ní Ojúẹlẹ́gbà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ta yìnyín: arẹwà obìnrin tó fi gèlè di iwájú orí le dan-in dan-in. Obìnrin náà ra yìnyín, àmọ́ kò gbé e lọ sílé. Iwájú orí ló gbé e lé, ó dijú, ó mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, inú omi la máa ń sọ ọ́ sí o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, túúlu ló ń fọ́ mi lórí."

"Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀. Tí orí yín bá tutù tán, ẹ bá mi wo ọkàn tèmi náà, ó ti ń gbóná."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà.

Adùnọlá lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Yaba. Kò pẹ́ táwọn méjèèjì fi di kòríkòsùn. Àmọ́ nígbà mìíràn, ìbànújẹ́ á dé bá Adùnọlá láìnídìí, kò ní fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, Oyèníran á sì kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi ro ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Surulere, Adùnọlá ṣubú lulẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò fọ́n ká.

"Wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án, itọ́ ẹ̀ ń ranni!"

Ẹ̀rù ba Oyèníran, ká má purọ́, ṣùgbọ́n kò sá. Ó yí Adùnọlá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó nu ẹnu rẹ̀, ó jókòó tì í títí ó fi jí.

"O ti rí i báyìí," Adùnọlá bú sẹ́kún. "Dókítà ní wárápá, túúlu àti ìbànújẹ́ yìí sábà máa ń rìn pọ̀. Mò ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ ò ní gbà. Olólùfẹ́ mi, lọ fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ìwọ ni mo fẹ́. Àwọn ẹbí mi máa ṣe ìwádìí ìdílé ẹ dandan kí a tó fẹ́ra. Ó sàn kí Màmá gbọ́ lẹ́nu wa."

Màmá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá dókítà Adùnọlá, ó sì da ìbéèrè bò ó títí ó fi rẹ ọkùnrin náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé ẹ̀bà kalẹ̀ nílé Oyèníran. Adùnọlá gbé àwo tirẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá bá oníwárápá jẹun pọ̀ yóò kó o.

"Ta ló ní kí o lọ dá jẹ?" Màmá béèrè. "Dókítà ní wárápá kì í ranni. Gbé àwo yẹn wá."

Adùnọlá gbé e wá. Màmá bu òkèlè nínú àwo Adùnọlá, ó fi run ọbẹ̀ rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ìyàwó wa, bí túúlu dé, bí gìrì dé, wọn ò ní bá ọ nìkan nílé mọ́."

Adùnọlá kúnlẹ̀, omijé ayọ̀ ń dà. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé gan-an ni."

Oyèníran dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì nawọ́ sínú àwo kan náà.